Kí Ẹ Tó Yan Fásitì Lójú Ọ̀nà Ìdírokò

Tí ẹ bá wọ mọ́tò ní abẹ́ afárá Sàngó pé ẹ̀ ń lọ sí Ìdírokò, ẹ kò ní í tíì jókòó dáadáa kí fásitì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bells wà lójú ọ̀nà yẹn. Kò jìnnà sí i, ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà Canaanland, ibi tí Covenant University wà. Bí ẹ bá dé Àtàn tí ẹ yà gba Lúsádà lọ sí Ìgbẹsà, ẹ máa bá Crawford níbẹ̀, ẹ sì máa bá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n ń pè ní OGITECH báyìí, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Gateway Poly. Tí ẹ kò bá yà rárá, ọ̀nà yẹn kan náà ló máa gbé yín dé ẹnubodè, tí ẹ ó sì bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn fásitì mìíràn ti ń dúró de ọmọ Nàìjíríà.

Alápótí wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà yìí kan náà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe olówó. Ẹni tó ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Agbára wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde náà wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé dé ìdajì, tí wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtíì rẹ́ ẹ. Ẹ̀bá fásitì ni àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọgbà àti inú ọgbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá kan tí mo bá pàdé ní ìdí àwọn tó ń tẹ ìwé, tó ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Alápótí. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 17, jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ó gbá ọwọ́ mọ́ra. Ọmọ náà gba 217 nínú JAMB. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà. Bàbá náà kò mọ̀ mí rí o, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ó yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èmi fẹ́ kó lọ sí ti ìjọba. Ìyá rẹ̀ ní ti aládàáni tó wà nítòsí wa yìí ni, kí ọmọ má baà lo ọdún mẹ́fà nílé nítorí ìyanṣẹ́lódì. Òun fúnra rẹ̀ ní òkè òkun lòun fẹ́ lọ. Ẹnìkan wá ń sọ fún wa pé kí a gbé e lọ sí Kùtọnu, pé òkè òkun náà nìyẹn, pé ọdún mẹ́ta ló máa fi parí.”

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mo máa sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú 217 yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí mo rí i pé ojú ń ti ọmọ náà. Nínú ìdánwò JAMB ti ọdún 2025, àwọn tó jókòó ṣe é sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú wọn ni kò gba 200. Ẹni tó gba 217 kò kùnà. Òótọ́ ni pé ó lè má tó láti ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe máàkì tí ènìyàn máa tìtorí rẹ̀ gba ẹnubodè sá lọ.

Ó wá kan owó. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni N77,000. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ti ọdún kan, N924,000 ni. Owó ilé ìwé ọdún kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ fásitì aládàáni tó lórúkọ ní apá ọ̀dọ̀ wa ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Ìyẹn ni pé tí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá jẹun, tí kò wọ mọ́tò, tí kò san owó iná, tí kò ṣàìsàn, owó rẹ̀ kò tíì tó ti ọmọ kan fún ọdún kan. Bàbá tí mò ń sọ yìí ń gbà ju ìyẹn lọ díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń tajà. Wọ́n lè san ti ọdún kìíní. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Mo ti rí i tó pọ̀. Òbí á ta ilẹ̀ plọ́ọ̀tì kan, á gba àjọ, á yá owó ní kọpuréètì, ọmọ á wọlé. Wọ́n á ya fọ́tò ọjọ́ ìgbàwọlé, wọ́n á gbé e sórí Facebook. Ọdún kìíní á lọ, ọdún kejì á lọ. Ní ọdún kẹta owó á fò sókè, ilé iṣẹ́ tí bàbá wà á dín òṣìṣẹ́ kù, ọmọ á padà sílé “fún ìgbà díẹ̀”. Ìgbà díẹ̀ yẹn á di ọdún méjì. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó ka fásitì dé ìdajì. Ilẹ̀ ti lọ, àjọ ti lọ, ọmọ sì tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sin ilẹ̀ bàbá wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fásitì kan wọ́n jù fún yín, ẹ má ṣírò owó ọdún kìíní. Owó ọdún kẹrin ni kí ẹ ṣírò, kí ẹ sì fi kún un pé owó yẹn kò ní í dúró síbi tó wà lónìí.

Ìyá ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ṣá o. Ẹni tó wà ní fásitì ìjọba ní ọdún 2020 lo bí oṣù mẹ́sàn-án nílé nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn ọmọ wà tí ìyanṣẹ́lódì méjèèjì bá nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Tí ẹ bá pa á pọ̀, ó ju ọdún kan lọ dáadáa tí ọmọ fi jókòó sílé, tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tí kò rí owó kankan wọlé. Owó ni ìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé owó tí ilé ìwé fi ránṣẹ́. Òbí tó bá ní òun máa san mílíọ̀nù láti sá fún un, mi ò ní í bú u, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bí owó bá wà” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ti ìjọba pàápàá kì í tún ṣe ọ̀fẹ́ bí ti àtijọ́. Ní ọdún 2023, Unilag gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san kúrò ní nǹkan bí N19,000 lọ sí ohun tó lé ní N100,000. Ariwo sọ, àwọn ọmọ ṣe ìwọ́de, wọ́n dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fi í wé mílíọ̀nù kan. Ẹ tún fi kún un pé láti ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Owó ilé ìwé ni wọ́n ń san tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní N20,000 lóṣù tó bá béèrè fún un. Kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí ènìyàn bá parí ìsìnrú ìlú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni owó yìí wà fún, yálà fásitì tàbí pólì tàbí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ọmọ tó wà ní aládàáni kò lè gbà á. Ó yà mí lẹ́nu pé bàbá yẹn kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí, ọmọ rẹ̀ tó wà lórí TikTok láti àárọ̀ di alẹ́ náà kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ̀rọ̀ lórí orúkọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ti ń múra láti bá mi jà. Orúkọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní í parọ́ fún yín pé kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn Times Higher Education ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìtòsílẹ̀ fásitì àgbáyé ti ọdún 2020 jáde, Covenant wà láàárín ipò 401 sí 500, ó sì ṣíwájú Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ọdún 1948. Ọdún 2002 ni wọ́n dá Covenant sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lè san án, tó sì lè fara da ìlànà ibẹ̀, kó lọ kàwé rẹ̀ láyọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí irú ìtòsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n. Iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn olùkọ́ ń gbé jáde ló gba ipò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn mẹ́nu ba ìwádìí náà. Kò wọn bóyá ìwọ tó o wọlé lónìí máa ráyè jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Kò wọn bóyá ẹ̀ka tó o fẹ́ kà ní olùkọ́ tó péye. Fásitì kan lè gbayì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kí ẹ̀ka ìṣirò owó rẹ̀ máa fi igi tì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni àjọ NUC ń yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe orúkọ ilé ìwé lápapọ̀. Ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ kà ni kó o wá nínú ìtòsílẹ̀ NUC. Mo mọ àwọn tó wọ ilé ìwé ńlá, tí wọ́n wá rí i ní ọdún kẹta pé NUC kò tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka tiwọn.

Ó sì níbi tí orúkọ ti ń tà. Ní báńkì ńlá kan ní Victoria Island, wọ́n lè wo orúkọ ilé ìwé kí wọ́n tó wo ẹni tó gbé e wá. Ní ilé iṣẹ́ tó wà ní òpópónà Ọ̀tà, ẹ̀rọ tó kú láàárín òru kò mọ Covenant yàtọ̀ sí OOU. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní Agbára, tí kò jìnnà sí Alápótí, ilé iṣẹ́ Nestlé ti ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọdún 2011. Oṣù 18 ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí City & Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ń jáde, wọ́n sì ti rán àwọn tó mókè jù nínú wọn lọ sí Switzerland fún ẹ̀kọ́ sí i. Òkè òkun tó gba Agbára kọjá nìyẹn. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, ìdíje rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ Alápótí ló tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà?

Mo padà sí ọ̀rọ̀ Kùtọnu. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí bàbá náà fi ara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Umar Audu, ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian, gbé ìròyìn kan jáde tó mi gbogbo orílẹ̀-èdè yìí tìtì. Ó gba dìgírì láti ilé ìwé kan ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Kò jókòó sí kíláàsì, kò ṣe ìdánwò. Ó tún fi ìwé ẹ̀rí náà wọ ìsìnrú ìlú, wọ́n gbà á wọlé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá gbogbo ìtẹ́wọ́gbà ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 22,700 ló ní ìwé ẹ̀rí ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Benin ló ti wá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ pé fásitì mẹ́jọ péré lòun mọ̀ ní ibẹ̀: márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Togo. Àwọn bíi Abomey-Calavi, Parakou, Lomé àti Kara wà lára wọn, fásitì ìjọba sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn tó kàwé ní tòótọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gbé ní Kùtọnu fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n san owó ilé, tí wọ́n jókòó sí kíláàsì, tí wọ́n kọ ìdánwò. Ilé ìwé wọn kò sí nínú mẹ́jọ yẹn. Wọ́n bá ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí nínú àpò kan náà. Wọn kò jalè, wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa sọ ọ́ fún? Òbí wọn gbọ́ “kò sí JAMB, kò sí ìyanṣẹ́lódì, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ni”, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní í gbà á gbọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí ọmọ fi jókòó sílé? Ìjọba tó jẹ́ kí ìyanṣẹ́lódì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló lé wọn gba ẹnubodè, òun náà ló tún dúró ní ẹnubodè tó ń ya ìwé wọn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ bo èyí mọ́lẹ̀.

Àwọn aṣojú tó ń mú ọmọ lọ kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ti yí ohùn padà díẹ̀ ni. Èyí tó bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ sọ fún un pé tiwọn ti gba àṣẹ tuntun. Nígbà tí mo béèrè orúkọ ilé ìwé náà, bàbá kò rántí. Ó rántí owó rẹ̀, ó rántí pé wọ́n máa wá gbé ọmọ ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó bá fẹ́ ra àgùntàn ọdún iléyá á yẹ ẹyín rẹ̀ wò, á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Báwo la ṣe wá fẹ́ ra ọdún mẹ́ta ọmọ ẹni láìmọ orúkọ ohun tí a ń rà?

Kì í ṣe pé Benin kò ní fásitì tó dára. Abomey-Calavi ti wà láti ọdún 1970. Bí ọmọ Alápótí bá dé Pọ́tọ́nóvò tàbí Sákétẹ́ tàbí Kétu, Yorùbá ló máa fi ra oúnjẹ jẹ. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì fásitì ìjọba wọn. Ẹni tó bá ṣe tán láti lo ọdún kan láti kọ́ Faransé dáadáa, kó tó wọ Abomey-Calavi, ọ̀nà gidi lonítọ̀hún ń tọ̀, ó sì máa jáde pẹ̀lú èdè kejì tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní. Aṣojú kan kò ní í dábàá ìyẹn fún yín, nítorí kò sí owó tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Nígbà tí mo bi í pé òkè òkun wo, ó ní “UK”. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní í gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi hàn pé £1,136 wà lọ́wọ́ òun fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. £10,224 nìyẹn. Tí a bá pe pọ́n-ùn kan ní N2,000, ó lé ní mílíọ̀nù 20 náírà. Owó oṣù tó kéré jù ní Ògùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún 22 ni ènìyàn máa fi kó o jọ láìjẹ láìmu. A kò tíì san owó ilé ìwé. A kò tíì san £776 ti ìlera fún ọdún kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí físà tó jáde. A kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà wo iye tó wà lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Ha, ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́.”

Àwọn tí owó wọn pé gan-an náà rí nǹkan. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí N470 bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó kọjá N1,500 kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé ìdajì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fi náírà ṣètò owó ọdún kejì sílẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, ó bá a pé owó náà ti dín sí ìdá mẹ́ta. Ní ọdún 2024, fásitì Teesside ní ìlú Middlesbrough yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí wọn kò rí owó san lásìkò, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ṣe ìwọ́de níwájú ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ “japa” lójoojúmọ́ kò gbọ́ ìròyìn yẹn, tàbí kẹ̀ ẹ́ gbọ́, ẹ sì yẹra fún un.

Ọ̀nà náà sì ń há sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe dìgírì kejì níbẹ̀ kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́. Kánádà náà gbé owó tí ènìyàn máa fi hàn kúrò ní C$10,000 lọ sí C$20,635 ní oṣù yẹn kan náà, wọ́n sì fi òǹkà sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa gbà. Jámánì kì í gba owó ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ fásitì ìjọba rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n €11,904 gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa kí o tó rí físà, ìwé ẹ̀rí Wáèkì nìkan kì í sì í sábà tó láti wọ fásitì wọn tààrà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé dìgírì kìíní ni ó wọ́n jù láti fi owó òbí rà ní òkè òkun, dìgírì kejì sì ni owó ẹlòmíràn pọ̀ sí jù. Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń san owó ilé ìwé, tíkẹ́ẹ̀tì àti owó oúnjẹ, dìgírì kejì nìkan ló wà fún, wọ́n sì ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì. Wọn kò béèrè pé kí dìgírì kìíní jẹ́ ti aládàáni. Ọmọ OOU ń gbà á, ọmọ FUNAAB ń gbà á.

Àwọn àgbà wa ti ṣe irú ìṣírò yìí rí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò ní owó tó lè gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ilé níbí ló jókòó sí tó ń ṣòwò, tó ń ka ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, títí tó fi gba dìgírì B.Com ti Fásitì Lọ́ńdọ̀nù láìfi Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1944 ló tó wọ ọkọ̀ lọ kàwé òfin, ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún, ó ti láya, ó ti bímọ. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé kí ló dé tó fi pẹ́.

Ohun tí mo máa sọ fún bàbá náà nìyí, kó sì bi mí ní ìbéèrè tó bá wù ú. Kó jẹ́ kí ọmọ yí ilé ìwé tó yàn padà sí OOU, pẹ̀lú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Tí OOU kò bá gbà á lọ́dún yìí, kó wọ OGITECH ní Ìgbẹsà fún ND. Ilé ni á ti máa lọ, kò ní í san owó yàrá, á sì máa jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Tí èsì ND rẹ̀ bá dára, Direct Entry wà tó máa gbé e wọ ọdún kejì ní fásitì. Ọdún tó máa fi kún un kò ju kan lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa. Kó béèrè owó NELFUND ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìgbàwọlé bá jáde, kó má dúró. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ pólì ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyà tí kò tọ́ sì ni. Ẹnu yẹn á dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá gba dìgírì tirẹ̀, bí kò bá sì dákẹ́, owó ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kí ìyá náà tọ́jú mílíọ̀nù tó fẹ́ san sí aládàáni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ lónìí, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe máa ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

Tí ìṣírò mi bá ṣì, kí ìyá náà sọ fún mi. Ó lè jẹ́ pé ọjà rẹ̀ ń mówó wọlé ju bí ọkọ rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Sàngó.

Mo pe bàbá náà ní àná láti sọ èyí fún un. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní òun ti fún aṣojú Kùtọnu yẹn ní N80,000 láti fi mú àyè sílẹ̀, pé òun kò fẹ́ sọ ọ́ lójú ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọkùnrin náà ní owó fọ́ọ̀mù kì í padà. Mo béèrè orúkọ ilé ìwé lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á fún mi láti ara rìsíìtì. Kò sí nínú mẹ́jọ. Ọjọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, a máa pàdé ọkùnrin náà ní Àtàn, èmi àti bàbá náà. Ọmọ ní òun náà ń bọ̀.